Nígbà tí wọ́n bá ń parí ogun, ta ló ń bi onílẹ̀ léèrè?

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, àti èsì mẹ́sàn-án tí èmi nìkan kọ bí àwọn òǹkàwé mìíràn ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ náà

Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń wá bí ogun yóò ṣe parí ní ibì kan, mo máa ń gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, àti ẹ̀tọ́ wọn láti pinnu bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso ara wọn, sínú ìwé àdéhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rà ní ìlú yìí, ẹ̀ka ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì sanwó rẹ̀ fún. Mo san owó ìpìlẹ̀, mo san owó òrùlé, síbẹ̀ wọ́n tún wá dá àwọn bíríkìlà mi dúró. Ṣé irú àwọn onílẹ̀ báyìí ni ẹ fẹ́ kí á tún fún ní àṣẹ sí i? Lójú tèmi, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó ń jà, kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúró di ìgbà tí ara gbogbo ènìyàn bá balẹ̀. Àbí kí ni mo ṣì gbọ́ níbẹ̀?

* * *

Èsì kìíní

Ohun tí ẹ ṣì gbọ́ ni pé orúkọ jọ orúkọ. "Ọmọ onílẹ̀" tí a ń bá fa wàhálà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lóde òní ni ẹni tó ta ilẹ̀ tán tó tún fẹ́ tà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ìwé àdéhùn àlàáfíà ń sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí kò tà rárá, tí ìjọba, tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá, tàbí àwọn àtìpó tí ìjọba kó wá, gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí èdè wọn, oúnjẹ wọn, ojúbọ wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jọba sì so mọ́ ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti bọ́, àwọn fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ nìyẹn.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí ni Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀, tí wọ́n dìbò lé lórí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007. Orílẹ̀-èdè 144 gbà á wọlé; mẹ́rin kọ̀ ọ́, àwọn náà ni Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti Niu Sílándì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ti yí ohùn padà lẹ́yìn náà; 11 kò gbè sí ìhà kankan, Nàìjíríà sì wà lára àwọn 11 yìí. Abala 3 sọ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pinnu fún ara wọn. Abala 10 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi agbára lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, àti pé bí wọn yóò bá kúrò, ìyọ̀ǹda wọn gbọ́dọ̀ ti ọkàn wọn wá, ó gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti yé wọn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ìwé náà dé kí ẹ tó dé abala 46, tí í ṣe abala ìkẹyìn, nítorí ẹ̀rù àwọn ìjọba Áfíríkà ló sọ ọ́ di bó ṣe wà. Ní ìparí ọdún 2006, Nàmíbíà ṣáájú àwọn tó ní kí wọ́n dá ìbò náà dúró ná, nígbà tí ìwé náà sì padà dé ní ọdún kejì, gbólóhùn kan ti wọ inú rẹ̀ pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọ́ orílẹ̀-èdè sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀tọ́ yìí àti yíya orílẹ̀-èdè jẹ́ nǹkan kan náà kò tíì kà á dé òpin.

* * *

Èsì kejì

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti àná. Ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló gbè sẹ́yìn ẹni tó béèrè, àwọn kan nínú yín sì fi òwe tì í lẹ́yìn pé kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí á tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ibí yìí mu. Bí ẹ bá wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ogun wọ̀nyí dáadáa, ilẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn. Ẹni tó bá gba ìbọn, tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ohun tó fa ìjà ni kò fọwọ́ kàn.

Ẹ gbé àwọn òkè Chittagong ní Bangladesh yẹ̀ wò, níbi tí àwọn Chakma, Marma, Tripura àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké mìíràn ń gbé. Ní 1962, wọ́n parí ìsédò Kaptai. Omi bo nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ oko agbègbè náà, nǹkan bí 100,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè wá láti fún wọn ní ilẹ̀ tó kù. Àwọn ará òkè náà bá ìjọba jà fún nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1997. Wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ lóòótọ́. Ní ti ilẹ̀, àdéhùn náà ní ìgbìmọ̀ kan yóò wá yanjú rẹ̀. Ọdún 2001 ni òfin ìgbìmọ̀ náà tó jáde, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé bí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò bá fohùn ṣọ̀kan, ohun tí alága bá sọ ni abẹ́ gé. Ta ni alága? Adájọ́ tí ìjọba yàn ni. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbólóhùn yẹn ṣe, ọdún kọkàndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí àlàáfíà! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ àdéhùn ti tó ẹni tí ń gbé ìyàwó.

Guatemala náà rí bẹ́ẹ̀. Ogun ọdún 36 ni wọ́n jà níbẹ̀, àwọn Maya ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1995, àlàáfíà pátápátá sì dé ní ìparí 1996. Àdéhùn náà dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó yẹ kí ó wọ inú òfin orílẹ̀-èdè wọn di ohun tí gbogbo ìlú yóò dìbò lé lórí ní 1999. Àwọn tó jáde dìbò kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún, àwọn tó kọ̀ ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kí n sọ ti ilé wa. Èmi ni akọ̀wé ẹbí nígbà tí àwa àti ẹbí mìíràn parí ìjà lórí ilẹ̀ oko kòkó kan ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn àgbà kan tí àwa méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún ló bá wa dá sí i. A ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngán tó tutù, a pa obì, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbólóhùn tó bà á jẹ́, pé "ààlà yóò jẹ́ èyí tí ìgbìmọ̀ tí a ó yàn bá fi hàn wá." Ọdún méjì kọjá, a kò yan ìgbìmọ̀ kankan, nítorí gbogbo ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan bá dárúkọ ni ẹ̀gbẹ́ kejì ń kọ̀. Nígbà tó di àkókò àtikó kòkó, ẹnì kan hú pèrègún tó wà létí odò, ó lọ gbìn ín sí ìhà ìsàlẹ̀, àdá sì jáde. Àwọn tí wọ́n ń dáko níbẹ̀ tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa, tí a kò pè sí gbọ̀ngán tutù náà, àwọn ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

* * *

Èsì kẹta

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìpẹ̀rù ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò kan ọmọ Yorùbá. Ó kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ sí ọ̀hún. Ìdájọ́ náà ni pé dídé tí òyìnbó dé kò pa ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní lórí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tó gba ohun onínǹkan. Ẹjọ́ ará Èkó yìí ni àwọn adájọ́ tọ́ka sí ní Kánádà ní 1973 nínú ẹjọ́ Calder, òun náà ni wọ́n tọ́ka sí ní Ọsirélíà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1992 nínú ẹjọ́ Mabo, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ibẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn pé ilẹ̀ náà ní àwọn onílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti yá nǹkan, ẹ sì ń sọ pé ti òyìnbó ni.

* * *

Èsì kẹrin

Ìbéèrè tó le jù ni ẹnì kan béèrè láti Ṣàgámù, mo sì fẹ́ lo àkókò díẹ̀ lórí rẹ̀: bí àwọn ènìyàn kan bá ní ẹ̀tọ́ láti pinnu fún ara wọn, ta ni "àwọn ènìyàn" náà gan-an? Níbo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, níbo ni a ó sì dúró?

Ogun Kírìjì ni ẹ jẹ́ kí á fi wò ó, níwọ̀n ìgbà tí Ìjẹ̀bú wà nínú ogun náà, tí ó sì wà nínú àdéhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1886. Bí ẹ bá ka àdéhùn yẹn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìjọba ara ẹni ló kún inú rẹ̀. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lè kó lọ. Ìyẹn ni pé ènìyàn ní òmìnira, ilẹ̀ rẹ̀ kò ní. Ní ti Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní kí ìlú náà kúrò ní ibi tó wà, kí wọ́n tún un tẹ̀ dó sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ẹni tó bá wù láti bá Ifẹ̀ gbé lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró nínú ìlú náà.

Àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kò lọ. Ifẹ̀ ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni, Modákẹ́kẹ́ ní àwọn ti sin òkú síbẹ̀, àwọn ti bímọ síbẹ̀, kò sí ibi tí àwọn ń lọ. Ní 1909 wọ́n tú ìlú náà ká, àwọn ènìyàn sì padà wá nígbà tó yá. Wọ́n jà ní 1981. Wọ́n tún jà láti 1997, lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yóò wà, èyí tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ wo ọdún tó wà láàárín 1886 àti 1997. Àdéhùn tó parí ogun tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá sọ ibi tí ìlú kan yóò gbé láìjẹ́ pé àwọn ará ìlú náà gbà, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn sì ń bí ìjà fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Èmi kò ní sọ ẹni tó jàre nínú Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Mo ní àna ní ìhà méjèèjì, mo sì fẹ́ràn àlàáfíà ilé mi.

Ti Rẹ́mọ kò ta ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní àwọn ọdún 1930, Àkárìgbò àti àwọn ará Rẹ́mọ tẹra mọ́ ọn pé àwọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí ìjọba jẹ́ kí àwọn máa gba owó orí àwọn, kí àwọn sì máa dá ẹjọ́ àwọn. Ìjọba ṣe ìwádìí ní 1937, Rẹ́mọ sì gba òmìnira rẹ̀ kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin ará Ṣàgámù ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rẹ́mọ gba òmìnira tán, àwọn ìlú kan nínú Rẹ́mọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìdí tí gbogbo àṣẹ yóò fi máa ti Ṣàgámù wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Bangsamoro ní gúúsù Filipíìnì lónìí nìyẹn. Àwọn Moro, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, bá ìjọba jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kẹta 2014, òfin ìjọba wọn jáde ní 2018, wọ́n sì dìbò lé e ní 2019. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ náà ni àwọn Teduray wà, tí wọn kì í ṣe Moro, tí òfin orílẹ̀-èdè náà ti 1997 sì ti ṣèlérí pé wọn yóò gba ìwé lórí ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Ìjọba Filipíìnì ní Manila ni wọ́n ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí wọ́n ń bẹ Manila, wọ́n sì tún ń bẹ àwọn Moro.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ará Ṣàgámù ni pé kò sí ibi tí kíka náà yóò dúró, ẹni tó bá sì ń kọ àdéhùn gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọ pé "ilẹ̀ yìí di ti àwọn lágbájá" láìkọ ohun tí ẹ ó ṣe fún àwọn kéékèèké tó wà láàárín àwọn lágbájá.

* * *

Èsì karùn-ún

Ọ̀rọ̀ darandaran ti wọlé, bí mo ti mọ̀ pé yóò wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní bí a bá fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ onílẹ̀, kí á lé gbogbo ẹni tó ń da ẹran kọjá nínú oko wa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti Abyei.

Abyei wà ní ààlà Sudan àti Gúúsù Sudan. Àwọn Dinka Ngok ló ń gbé ibẹ̀; àwọn Misseriya máa ń da màlúù wọn wá láti àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń padà lọ nígbà òjò. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 2005 ní kí àwọn ará Abyei dìbò ní oṣù Kìíní 2011, kí wọ́n yan ìhà tí wọ́n fẹ́. Ìgbìmọ̀ onílàjà ní The Hague ti pa ààlà náà ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2009, wọ́n sì fi kún un pé ààlà tí àwọn pa kò mú ẹ̀tọ́ darandaran láti jẹko àti láti kọjá kúrò. Síbẹ̀ ìbò náà kò wáyé rárá, nítorí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ń jẹ́ ará Abyei: ṣé ẹni tó ń wá fún oṣù mélòó kan lọ́dún lè dìbò pẹ̀lú ẹni tí bàbá rẹ̀ sin sábẹ́ igi ibẹ̀? Ní oṣù Kẹwàá 2013, àwọn Dinka Ngok dá ìbò tiwọn dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló yan Gúúsù Sudan, ṣùgbọ́n ìjọba méjèèjì kò kà á sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ ìkọjá yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ìní. Àwa gan-an mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní oko wa: ẹni tó ń gba inú ilẹ̀ rẹ lọ sódò kò di onílẹ̀, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ dí ọ̀nà odò mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti kọ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń kọjá kò ní í máa bẹ̀rù pé ọjọ́ tí onílẹ̀ bá gba ìwé ni màlúù òun yóò kú. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ ẹni tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti gbin ẹ̀gẹ́ rí.

* * *

Èsì kẹfà

Ẹnì kan ta kò mí dáadáa, mo sì gbà fún un lápá kan. Ó ní bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ilẹ̀, ogun kò ní parí láéláé, àwọn ọmọdé yóò máa kú nígbà tí àwọn àgbà ń wọnlẹ̀.

Ní Kòlóńbíà, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí nígbà tí ìjọba àti FARC, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá a jà, ń pàdé ní Havana: oṣù Karùn-ún 2013 ni, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Kò dá àlàáfíà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, tí ogun jà lórí ilẹ̀ wọn jù, kò rí àyè wọlé. Oṣù Kẹjọ 2016, nígbà tí ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ìtẹ̀wé, ni abala tiwọn tó wọ inú rẹ̀, ojú ìwé díẹ̀ nínú ìwé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ lóòótọ́, onílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé "ilẹ̀ ṣáájú" tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ilé-ẹjọ́ gíga Filipíìnì sọ ohun tó jọ ìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2008, ìjọba àti àwọn ọmọ ogun Moro ti ṣe tán láti fọwọ́ sí ìwé kan lórí ilẹ̀ ìran, wọ́n ti dé Malaysia fún un. Ilé-ẹjọ́ dá a dúró, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, adájọ́ mẹ́jọ sí méje fagi lé e, ọ̀kan nínú ìdí wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní àwọn ìlú náà sọ̀rọ̀. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì sá kúrò nílé. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ nípa yíyára, wọ́n san án pẹ̀lú èlé.

Ibi tí mo ti gbà fún ẹni tó ta kò mí ni Kẹ́ńyà. Lẹ́yìn ìbò oṣù Kejìlá 2007, àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú ìjà náà sì jẹ́ lórí ilẹ̀ Rift Valley. Kofi Annan, tó wá là wọ́n níjà, kò dúró wọnlẹ̀. Ó parí ìpànìyàn náà ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2008, ṣùgbọ́n ó kọ ilẹ̀ sínú ètò gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fò. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ti 2010 gba ilẹ̀ àjọni, títí kan igbó àwọn ọdẹ, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Ìyẹn tọ́. Síbẹ̀, àwọn Ogiek inú igbó Mau ní láti dé Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà kí wọ́n tó gba ìdájọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2017 pé lílé tí wọ́n lé wọn kò bófin mu, ní 2022 sì ni ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n fún wọn ní ìwé ilẹ̀ lápapọ̀. Ìdádúró wà tó ní ọjọ́ tí yóò dópin, ó sì wà tó kàn jẹ́ "ẹ lọ sùn." Bí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúró, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ẹ sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é.

* * *

Èsì keje

Kúkúrú ni tí Bakassi. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé dá a fún Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2002, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní oṣù Kẹfà 2006, Nàìjíríà sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2008. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, orílẹ̀-èdè méjèèjì kò jagun lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí á yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja tí wọ́n sùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jí sí ìjọba mìíràn, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n dìbò.

* * *

Èsì kẹjọ

Ẹnì kan láti Odógbolú rán wa létí ọ̀rọ̀ tí Ẹlẹ́sì ìlú wọn sọ níwájú àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ ní 1912, pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àìmọye kò sì tíì dé ayé. Ilé-ẹjọ́ ti tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí títí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó kà á sókè nígbà tí wọ́n ń ta ilẹ̀ àwọn tí kò tíì dé ayé náà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì.

Ohun tó bá ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sì jà jù ní tiwa ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tó fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, tí wọ́n sì so mọ́ òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kí ó má baà rọrùn láti yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ìdí tí Nàìjíríà kò fi gbè sí ìhà kankan ní 2007, n kò wọ inú ọkàn aṣojú wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìjọba tó ní òfin bẹ́ẹ̀ nílé yóò ṣòro fún láti jáde lọ sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀.

* * *

Èsì kẹsàn-án

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti gbọ́ ti Guatemala àti ti Abyei, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tòun ńkọ́, ẹ̀ka ẹbí kẹrin ti dé.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹ̀ka kẹrin. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní òfin láti 2016 tó ka gbígba ilẹ̀ tipátipá àti irú owó ìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan: ọjọ́ tí ẹ rà á, ta ni ẹ bá lórí ilẹ̀ náà? Ṣé ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ro ó, àbí ọ́fíìsì ẹni tó mú yín mọ ẹbí ni ẹ ti sanwó? Mo ń bi yín nítorí èmi náà kò bèèrè nígbà tí mo kọ ìwé àdéhùn tiwa.

Àwọn kan nínú yín fẹ́ mọ bí ìjà tiwa ṣe parí. Kò tíì parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún un bẹ̀rẹ̀, inú oko la ti ṣe ìpàdé. A pe àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. A pe ìyá arúgbó kan tí àwa méjèèjì kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé kankan rí, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí pèrègún àkọ́kọ́ wà, nítorí ìyá rẹ̀ ló gbin obì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awọnlẹ̀ fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀lé ìyá náà, ìyá náà ń tẹ ọ̀pá lọ, àwa ọkùnrin inú ẹbí méjèèjì ń tẹ̀lé wọn láìlè sọ̀rọ̀. A rìn dé ìdajì ààlà kí oòrùn tó mú. Ó kọ̀ láti júwe ìyókù láti òkèèrè, ó ní ojú òun gbọ́dọ̀ tó o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni a ó padà lọ, ó sì ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n má gbàgbé láti gbé àga kékeré dání.